Oògùn tí Mo Fi Oyin Bò fún Bàbá Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ara mi. Bí mo bá dárúkọ, gbogbo ìlú Erinje ló máa mọ̀ kí ẹ tó kà á dé ìdajì, mo sì fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún wọn. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo fi oògùn sínú omi àdúrà bàbá mi. Wọn ò mọ̀. Wọ́n mu ún, ara wọn yá, wọ́n sì dúró níwájú pẹpẹ pé àwọn ò lo oògùn kankan. Èmi ni ẹlẹ́rìí wọn.

Bàbá ti mọ̀ báyìí. Ìyẹn ni mo ṣe lè mú bírò. Àyà mi ti fúyẹ́, mo ti ń sùn, mo tiẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín nínú ilé. Ṣùgbọ́n ohun tó kù kọjá èmi àti Bàbá. Ó kan àwọn kan tí mi ò mọ ilé wọn, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n wà lára ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Akọ̀pẹ ni Bàbá mi. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, igbà já mọ́ wọn nídìí lórí ọ̀pẹ, wọ́n sì já lulẹ̀. Ilé àdúrà ni wọ́n gbé wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi dìde rìn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn dúró ni wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé oògùn ò ní gba ọ̀fun àwọn kọjá mọ́ títí ọjọ́ ikú. Ìjọ aláṣọ funfun wa ò ní kí ẹnikẹ́ni má lo oògùn o. Wòlíì wa gan-an ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá ló bá Ọlọ́run dá àdéhùn tiwọn.

Torí náà, bí ibà bá ń ṣe Bàbá, omi ni. Bí eyín bá ń dùn wọ́n, omi ni. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjìlá ọ̀sán àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbàdúrà sí omi nínú ife, wọ́n á ní kí n po oyin mọ́ ọn, wọ́n á sì mu ún tán. Ọkọ mi ti kú, mo ti padà sílé Bàbá, mo ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe púpurú tà. Èmi ni mo ń sè, èmi ni mo ń fọ̀, èmi náà ni mo ń po oyin.

Ọwọ́ ọ̀tún wọn ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e lé itan, tí wọ́n dákẹ́ nínú àdúrà, ọwọ́ náà á máa gbọ̀n, àtàǹpàkò á máa yí lára ìka bí ẹni tó ń yí ẹ̀kùrọ́ kan láàárín wọn. Ní ìjọ wa, bí ara bá gbọ̀n nígbà àdúrà, Ẹ̀mí ló bà lé onítọ̀hún. Àwọn ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmín. Àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá pé kí Bàbá fi ọwọ́ Ẹ̀mí yẹn kàn wọ́n lórí. Èmi náà gbé orí mi sílẹ̀ fún un, kí n má purọ́.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí kì í bà lé èèyàn nígbà tó bá jókòó lásán tó ń wo adìyẹ. Ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n nígbà yẹn náà. Kò pẹ́, wọn ò lè de bọ́tìnnì mọ́. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn á lẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á dúró síbẹ̀ títí n ó fi wá fà wọ́n. Ojú wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí mo bá sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín, ẹnu ni wọ́n á fi sọ fún mi pé ó pa àwọn lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ṣe àmín bá yí ohùn padà, wọ́n ní ayé ló ń bá Bàbá jà.

Mo fọgbọ́n mú Bàbá lọ sí ilé-ìwòsàn kan ní Òkìtìpupa. Mo ní ká lọ wo ojú wọn, torí wọn ò ka awò ojú mọ́ oògùn. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé lójú mi, wo bí wọ́n ṣe wọlé, ó ní kí wọ́n jókòó, kò tiẹ̀ wo ojú kankan. Ó ṣàlàyé fún wa pé nínú ọpọlọ, nǹkan kan wà tó dà bí ìránṣẹ́, òun ló máa ń jíṣẹ́ kí ọwọ́ tó lè gbéra, kí ẹsẹ̀ tó lè sún. Ibi tí ìránṣẹ́ náà ti ń wá nínú ọpọlọ Bàbá ló ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, bíi kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní oògùn kan wà, bó bá ti wọ inú ọpọlọ, ibẹ̀ ló ti máa di ìránṣẹ́ yẹn gan-an. Kò ní wo àìsàn náà tán, á kàn máa dí ààyè ohun tó ń tán lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni, ó ní, àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́.

Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni èṣù ti bá mi sọ̀rọ̀, àbí Ọlọ́run ni, mi ò tíì mọ̀ títí di òní.

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Wọ́n gbàdúrà pé kó rí ọkọ rere fẹ́, wọ́n ní kó máa bọ̀ wá kí àwọn ní Erinje, ṣùgbọ́n àwọn ò ní lo oògùn. Lọ́jọ́ kejì, mo dá padà lọ. Mo parọ́ fún dókítà pé Bàbá ti gbà. Mo parọ́ fún ẹni tó ń ta oògùn pé Bàbá ò lè gbé nǹkan mì, ó ní irú èyí ṣe é lọ̀. Oògùn náà pọ́n, oyin náà pọ́n. Ta ló máa mọ̀?

Bàbá gbàdúrà sí omi láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo gba ife lọ́wọ́ wọn, mo wọ ilé ìdáná lọ, mo po oyin, mo po oògùn, mo gbé e jáde. Wọ́n mu ún, wọ́n ní oyin ọjọ́ náà dùn.

Kì í ṣe pé ara wọn yá lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni. Nígbà tó yá, mo jáde láàárọ̀ kan, mo bá Bàbá tí wọ́n ń de bọ́tìnnì fúnra wọn, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń kọrin. Mo sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún. Ẹkún ayọ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní ṣe bí ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ń dà láàmú láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọjọ́ ìkórè ni ọgbọ́n náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn. Bàbá jó dé iwájú pẹpẹ, wọ́n jẹ́rìí pé láìlo oògùn, láìgba abẹ́rẹ́, omi àdúrà nìkan ló gbé àwọn dìde. Wòlíì ní kí ẹni tó ń bá wọn gbé wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo dìde. Mo ní, “Omi àti oyin ni mo ń gbé fún wọn, ojú mi ló ṣe.” Ẹ wo bí mo ṣe to ọ̀rọ̀. Omi wà níbẹ̀, oyin wà níbẹ̀. Ìyókù ni mo gbé mì.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn èèyàn ti ń gbé ike omi wá sílé wa, láti Igbótakò, láti Òde-Ìrèlè, láti ibi tí mi ò mọ̀. Bàbá ń gbàdúrà sí i fún wọn. Ẹlòmíràn lára wọn ń gbọ̀n bíi Bàbá, ẹlòmíràn gbé ọmọ oníwárápá wá. Mo ń gbé àga fún wọn, mo ń kí wọn káàbọ̀. Mi ò ronú kọjá ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹja ló wá dá kún un. Mo máa ń fẹ́ kí Bàbá jẹun dáadáa. Ẹja tútù ńlá tí àwọn ará odò ń gbé wá ni mo fi ń se ọbẹ̀ fún púpurú wọn, oúnjẹ á sì ti délẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Wọ́n á jẹ ẹja yó, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á mu omi oyin lé e. Lọ́sàn-án irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á tún lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá á ní ẹ̀ṣẹ̀ kan wà láàárín àwọn àti Ọlọ́run. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á gbààwẹ̀, omi oyin nìkan ni wọ́n á mu, ara wọn á sì le koko. Kí ni Bàbá ì bá tún máa wá? Ààwẹ̀ ló ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, mo bá lọ bi dókítà. Ó béèrè ohun tí Bàbá máa ń jẹ, mo sọ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnu ọ̀nà kan náà ni oògùn yìí àti oúnjẹ tó ń mú ara dàgbà, bí ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà, jọ ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń gbà wọ inú ọpọlọ. Bí ẹja bá ti kún ẹnu ọ̀nà, oògùn á dúró síta. Ó ní kí Bàbá máa lo oògùn ṣáájú oúnjẹ, kí wọ́n sì máa jẹ ẹja wọn lálẹ́.

Ẹja mi ló ń bá oògùn mi jà, Bàbá sì ń wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri. Wọ́n lọ bẹ ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n bá jà lórí ààlà oko nígbà èwe. Wọ́n pè mí jókòó, wọ́n jẹ́wọ́ irọ́ kan tí wọ́n pa fún ìyá mi kí wọ́n tó bí mi. Omi ń bọ́ lójú wọn. Èmi tí mo lọ oògùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó tí mo ń sọ pé Ọlọ́run á dárí jì wọ́n.

Mo gbé ẹja sí alẹ́, ó sì tún nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ti wọ Bàbá lára. Wọ́n ń fi kún un, wọ́n ń rù. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní Ọlọ́run ní kí àwọn lọ dúpẹ́ ní ilẹ̀ àdúrà kan létí odò, lọ́nà Òde-Ìrèlè, pé ààwẹ̀ gbígbẹ ni, omi pàápàá ò ní kan ètè àwọn títí àwọn yóò fi parí rẹ̀.

Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé èèyàn kì í já oògùn yìí lójijì, pé ara lè le gbagidi, ara gbígbóná lè tẹ̀ lé e, ó sì lè pa èèyàn. Mo bẹ Bàbá títí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn, wọ́n kọ̀. Mo po omi oyin sínú ike, mo ní kí wọ́n fi bẹnu tó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn á gbé e sórí pẹpẹ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo la ẹnu. Bàbá yíjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti padà sójú wọn yẹn, mo bá pa ẹnu mi dé. Ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ẹnu tí mo pa dé yẹn ni mo kà sí ẹ̀ṣẹ̀ jù lọ.

Ọlọ́kadà kan ló wá pè mí ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tí mo débẹ̀, Bàbá ti le bí igi, ara wọn ń jó bí iná, eyín wọn pa pọ̀. Àwọn ará ìjọ yí wọn ká, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń wọ́n omi sí wọn lára. Wòlíì ló ní ká gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé orí wọn lé itan nínú ọkọ̀ títí a fi dé Òkìtìpupa.

Dókítà yẹn ló wà níbẹ̀. Ó béèrè ìgbà tí Bàbá lo oògùn kẹ́yìn. Wòlíì dá a lóhùn pé Bàbá kì í lo oògùn, pé gbogbo ayé ló mọ̀. Dókítà wò mí. Mo ní, “Ó di ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo ń fún wọn.”

Wòlíì yíjú sí mi. Wọ́n ki rọ́bà bọ imú Bàbá, wọ́n gba ibẹ̀ fún wọn ní oògùn náà. Nígbà tí mo jáde síta, Wòlíì bá mi níbẹ̀. Mo retí èébú. Ó kàn ní òun ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pé ẹnu mi ni Bàbá gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ, kí n má sì jẹ́ kó pẹ́.

Mi ò jẹ́ kó pẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà tí ohùn Bàbá sì padà, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ọ́ láti orí dé ìdí. Wọ́n pa ojú dé. Wọ́n béèrè nǹkan kan ṣoṣo, pé ṣé oògùn ti wà nínú omi náà kí àwọn tó jẹ́rìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n kọjú sí ògiri.

Bàbá ò gba omi lọ́wọ́ mi mọ́. Wọn ò gba oògùn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Gbogbo ọjọ́ yẹn, aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ni wọ́n ń bẹ pé kó bu omi fún àwọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọwọ́ ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó sórí àga, mo ń wo ẹ̀yìn wọn. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ̀jẹ́ yẹn ni wọ́n máa bá lọ, pé èmi ni n ó sì sin wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n gbé ẹyọ oògùn kan wá, kí n má lọ̀ ọ́. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, ó ń jó níbẹ̀ nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

“Ọma mi, èyí náà ni?”

“Òun ni, Bàbá.”

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Èmi ni mo bá Ọlọ́run dá àdéhùn. Ká ní wo fún mi láyè, èmi náà ni ǹ bá fi ẹnu mi bá A tú u.”

Mo ti ń retí pé wọ́n á pè mí ní òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òótọ́ ni. Mo ti ń sọ fún ara mi pé mo gba Bàbá là. Mi ò rí i rí pé mo gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Bàbá gbàdúrà sínú, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ní àwọn àti Ọlọ́run ti parí rẹ̀. Mi ò bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n sọ oògùn sẹ́nu, wọ́n na ọwọ́ sí mi fún omi. Sí mi o, ẹ jọ̀ọ́. Mo bu omi lásán, wọ́n fi gbé e mì, wọ́n sì fa ojú ro. Wọ́n ní, “Oyin yẹn wúlò o.”

Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá wò wá. Ẹkún wà nínú ẹ̀rín náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pọ̀ jù.

A ti padà sílé. Bàbá ń gbé oògùn wọn mì fúnra wọn lẹ́yìn àdúrà, àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Bó bá sì ti di alẹ́, wọ́n á ké sí mi láti ìta pé kí n gbé ẹja wọn wá, ọ̀nà ti ṣófo. Wọ́n ti sanra díẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, títí di ọjọ́ tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń wo adìyẹ, tí wọ́n dédé béèrè pé àwọn tó ń gbé ike wá ńkọ́.

Látọjọ́ yìí, Bàbá nìkan ni mo ń rò.

A wá àwọn tí a mọ̀ rí. Mo gun ọ̀kadà dé Igbótakò, mo bá ìyá ọmọ oníwárápá yẹn. Ó ti gbé oògùn ọmọ rẹ̀ jù sẹ́yìn nítorí ẹ̀rí tí èmi àti Bàbá jẹ́, gìrì sì ti tún ń gbé ọmọ náà. Ó bú mi, ó bú mi dáadáa. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti gbà á. Ọmọ náà ti padà sí ilé-ìwòsàn, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ bọ̀, mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, Bàbá fẹ́ padà síwájú pẹpẹ láti tún ẹ̀rí wọn jẹ́. Wọ́n ní èmi náà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, pé níbi tí ẹlẹ́rìí ti sọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́ ni kó ti tún un sọ. Mo ń lọ. Ẹ bá mi gbàdúrà, ẹ sì dárí jì mí.

Àwọn tí a ò mọ ilé wọn ni mo ń kọ̀wé sí. Bí ìwọ bá gbé ike wá sọ́dọ̀ akọ̀pẹ àgbà kan ní Erinje, tí o gbọ́ ẹ̀rí wa, tí o sì tìtorí rẹ̀ pa oògùn rẹ tì tàbí ti ọmọ rẹ, jọ̀ọ́, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá ọ dúró, padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ lónìí. Àdúrà Bàbá wà nínú omi tí o gbé lọ, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ife Bàbá nìkan ni mo da oògùn sí. Mi ò da nǹkan kan sínú tìrẹ.